Wọ́n Sọ Ẹ̀gbọ́n Di Obìnrin

Nọ́ọ̀sì ló kọ́kọ́ là á mọ́lẹ̀ nínú ṣọ́ọ̀bù pé bí òun bá pàdé obìnrin yẹn lójú títì, òun á gbá a létí kí òun tó kí i. Aago mẹ́sàn-án àárọ̀ ọjọ́ Ajé ni. Tẹlifíṣọ̀n orí kọ́ńtà ń tún eré ọjọ́ Àìkú fi hàn, obìnrin inú eré náà ṣẹ̀ṣẹ̀ gba lẹ́tà lọ́wọ́ dókítà, ó ká a mẹ́rin, ó tì í bọ àpò, ó sì rẹ́rìn-ín músẹ́. Ẹ̀rín yẹn ló bí Nọ́ọ̀sì nínú. Ó ní ọdún mọ́kàndínlógún rèé tí òun ti ń tọ́jú aláìsàn, òun ò tíì rí ẹni tó fi lẹ́tà ọsibítù ìyá ẹ̀ pamọ́ tó tún ráyè rẹ́rìn-ín. Awakọ̀ bọ́ọ̀sì tó wá gba ṣòkòtò iṣẹ́ rẹ̀ ní tòun ni pé kí wọ́n ti obìnrin náà mọ́lé, kí wọ́n ju kọ́kọ́rọ́ sódò, kí wọ́n wá bi odò bóyá ó rí nǹkan.

Alágbàfọ̀ ni obìnrin tó ni ṣọ́ọ̀bù náà. Ó ń lọ kọ́là ṣẹ́ẹ̀tì kan, ó sì ń tẹ áyọ́ọ̀nù mọ́lẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Kọ́là náà ti jóná díẹ̀ kó tó mọ̀, bẹ́ẹ̀ ọdún kẹta nìyí tó ti jó aṣọ oníbàárà kẹ́yìn. Inú ń bí i. Inú bíbí yìí sì ní ẹ̀yà: díẹ̀ jẹ́ ti àwọn eléré, díẹ̀ jẹ́ ti àwọn òǹwòran, èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀ jẹ́ ti ẹnì kan tí kò sí nínú ṣọ́ọ̀bù rárá.

Ká má fọ̀rọ̀ falẹ̀, àbúrò Alágbàfọ̀, àbíkẹ́yìn ìyá wọn, ló kọ ìwé tí wọ́n fi ṣe eré náà. Ó ti pé ọdún méje tí ìwé náà ti jáde. Ìtàn ìyá kan tára rẹ̀ ò yá ni. Dókítà kọ lẹ́tà pé kí wọ́n gbé ìyá lọ sí ọsibítù ńlá, wọ́n fa lẹ́tà lé ọ̀kan nínú àwọn ọmọ lọ́wọ́, ọmọ náà fi sápò, kò sọ fún ẹnikẹ́ni, ìyá sì kú. Ìwé ò pe ọmọ náà ní orúkọ kankan ju Ẹ̀gbọ́n lọ. Ẹ̀gbọ́n ṣe báyìí, ó jókòó síbẹ̀un, ó lọ́ omi fún ìyá rẹ̀, ó ká lẹ́tà. Igba ojú ewé ó lé mẹ́rìnlá, kò síbì kan tí ìwé ti sọ bóyá ọkùnrin ni Ẹ̀gbọ́n tàbí obìnrin.

Bí àwọn òǹkàwé ṣe pín sí méjì nìyẹn. Àwọn kan ní apànìyàn ni Ẹ̀gbọ́n, àlàyé ò sí. Àwọn kan ní àánú ìyá ló ṣe é, ìyá kúkú ti sọ pé òun ò fẹ́ kú sáàárín àjèjì. Ìgbà tí wọ́n jà tán lórí ìyẹn, wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ òmíràn. Wọ́n ní ẹni tó mọ omi lọ́ wọ́ọ́rọ́ báyẹn, obìnrin ni. Wọ́n ní ta ló sọ pé ọkùnrin ò lè lọ́ omi fún ìyá tó bí i? Tọkọtaya kan wà ládùúgbò tí wọn ò bára wọn sọ̀rọ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta. "Ó" tí kò ju lẹ́tà kan lọ nínú álífábẹ́ẹ̀tì, ó tú ilé onílé ká.

Alágbàfọ̀ nìkan ni kì í bá wọn jiyàn, torí ó mọ ẹni tó fi lẹ́tà sápò. Bùọ̀dá ni, àkọ́bí ìyá wọn, tó ti di ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ girama báyìí. Nígbà tí Alágbàfọ̀ ka ìwé náà, omi bọ́ lójú rẹ̀. Ó rò pé Àbíkẹ́yìn ti gbọ́ òótọ́ lọ́nà kan ṣá, ó sì fi "ó" bo àgbà láṣìírí. Ó ní ọmọ yìí mọ̀wà hù. Ó to ìwé náà sórí kọ́ńtà, ó lẹ fọ́tò Àbíkẹ́yìn mọ́ ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ kàlẹ́ńdà, kò sì sẹ́ni tó gbé aṣọ wọlé tí kò gbọ́ ọ pé àbúrò òun tí àwọn jọ mu ọmú kan náà nìyẹn.

Ṣùgbọ́n tẹlifíṣọ̀n ò mọ "ó". Ẹni tó bá jáde nínú ẹ̀, ó ní láti hu irùngbọ̀n tàbí kó fi yẹtí sétí. Àwọn eléré wá fi yẹtí sí Ẹ̀gbọ́n létí, wọ́n tún kọ́ ọ lẹ́rìn-ín músẹ́.

Ọ̀sẹ̀ kejì tí eré bẹ̀rẹ̀ ni Nọ́ọ̀sì ṣírò ọ̀rọ̀. Ó wo fọ́tò ara ògiri, ó wo Alágbàfọ̀, ó tún wo fọ́tò. Ó béèrè bóyá Alágbàfọ̀ ni ẹ̀gbọ́n òǹkọ̀wé yìí lóòótọ́. Alágbàfọ̀ ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó béèrè bóyá òǹkọ̀wé náà tún ní ẹ̀gbọ́n obìnrin mìíràn. Alágbàfọ̀ ní kò ní. Nọ́ọ̀sì na ọwọ́ sórí kọ́ńtà, ó kó aṣọ funfun mẹ́fà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé kalẹ̀, ó dì wọ́n padà sínú báàgì pẹ̀lú ìdọ̀tí wọn, ó bá tirẹ̀ lọ.

Nígbà tí eré fi máa dé apá kẹrin, ọ̀rọ̀ ti kárí àdúgbò. Awakọ̀ gbé ṣòkòtò wá, kó tó fi lélẹ̀ ó fa àpò rẹ̀ méjèèjì síta, ó gbọ̀n wọ́n níṣojú gbogbo èèyàn. "Màámi, ẹ wò ó dáadáa o," ó ní, "kò sí lẹ́tà kankan níbẹ̀." Àwọn tó wà lórí ìlà rẹ́rìn-ín. Ọjọ́ kejì, ẹlòmíràn náà fa àpò síta. Ó wá di àṣà. Ẹni tí ò fẹ́ ṣàwàdà náà ń fà á, torí pé ẹni tó wà níwájú rẹ̀ fà á.

Ẹ̀yin tí ẹ ò ṣe iṣẹ́ alágbàfọ̀ rí lè má mọ ohun tí ìyẹn jẹ́. Àpò aṣọ ni ibi tí wọ́n ti ń mọ alágbàfọ̀ tó ṣeé fọkàn tán. Láti ọdún méjìlélógún tí obìnrin yìí ti ń fọṣọ fún ará ìta, kò sí aṣọ tó wọ omi tí kò kọ́kọ́ ti ọwọ́ bọ àpò rẹ̀. Ó ti bá òrùka ìgbéyàwó pàdé, ó ti bá eyín àfisẹ́nu pàdé, ó ti bá ìwé ìfẹ́ tí kì í ṣe ìyàwó ilé ló kọ ọ́ pàdé. Gbogbo rẹ̀ ló ń dì sínú bébà, á fi àmì oníǹkan sí i lára, á fi lé e lọ́wọ́ láì wo ojú rẹ̀. Òun náà ni wọ́n wá ń gbọn àpò mọ́ lójú báyìí.

Ó yọ fọ́tò kúrò lára ògiri. Ó kó àwọn ìwé náà sábẹ́ kọ́ńtà. Kò tan tẹlifíṣọ̀n mọ́, ṣùgbọ́n àwọn èèyàn ń wo eré nílé wọn, wọ́n sì ń gbé ìbínú wọn wá fún un pẹ̀lú aṣọ, àwọn tó ṣì ń gbé aṣọ wá nìyẹn.

Ohun tó ń dùn ún jù ni pé inú àpò gan-an lòun náà ti rí òótọ́. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún ni nígbà náà. Bùọ̀dá ló tẹ̀ lé ìyá wọn lọ sọ́dọ̀ dókítà lọ́jọ́ yẹn, torí pé òun wà níbi iṣẹ́. Bùọ̀dá padà dé, ó ní dókítà ní kí wọ́n máa lo oògùn lọ. Ìyá wọn kú. Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn ìsìnkú, ó ń fọ aṣọ ilé lẹ́yìnkùlé, ó ti ọwọ́ bọ àpò ṣòkòtò Bùọ̀dá, ó fa lẹ́tà yọ. Òǹtẹ̀ ọsibítù wà lórí ẹ̀. Ọjọ́ kẹsàn-án ṣáájú ikú ìyá ni wọ́n kọ ọ́.

Ó mú un wọ yàrá lọ bá a pẹ̀lú ọṣẹ lọ́wọ́. Bùọ̀dá tó fi ọdún mẹ́sàn-án jù ú lọ dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún un. Ó bẹ̀ ẹ́ pé kó má jẹ́ kí Àbíkẹ́yìn gbọ́ láéláé, ọmọ ọdún mẹ́wàá ni, kò ní ẹlòmíràn tó lè fẹ̀yìn tì mọ́. Bùọ̀dá ò sọ ìdí tó fi ṣe é. Òun náà ò béèrè, ẹnu rẹ̀ ò gbà á. Ó fún un ní lẹ́tà, Bùọ̀dá dáná sun ún, ọ̀rọ̀ parí. Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ máa bá a. Èyí ti pé ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n, òtítọ́ ò tíì gbéra nílẹ̀, torí Alágbàfọ̀ ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ dè é.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó tẹ̀ lé apá karùn-ún, ó ti ṣọ́ọ̀bù ní ọ̀sán gangan, ó lọ bá Bùọ̀dá ní ọ́fíìsì. Fáìlì kún ibẹ̀ dé òrùlé. Ife ẹ̀yẹ bọ́ọ̀lù mẹ́rin wà lórí kọ́bọ́ọ̀dù, láti ojú fèrèsé èèyàn lè rí àwọn ọmọ tó tò lọ́wọ̀ọ̀wọ́ níwájú kíláàsì. Bùọ̀dá rẹ́rìn-ín nígbà tó rí i, ó ní ṣé ó wá fọ kọ́tìnnì ni. Alágbàfọ̀ ò jókòó. Ó ka gbogbo rẹ̀ fún un: Nọ́ọ̀sì, Awakọ̀, àpò tí wọ́n ń gbọ̀n, ẹni tí ò dárúkọ ara rẹ̀ tó pè é ní apànìyàn lórí fóònù, àwọn ọmọ kékeré tó ń yọjú lójú gíláàsì láti wo Ẹ̀gbọ́n burúkú. Ó ní ohun kan ṣoṣo lòun wá bẹ̀bẹ̀ fún. Kí Bùọ̀dá pe Àbíkẹ́yìn, kí wọ́n jọ wá nǹkan sọ fún àwọn oníwèé ìròyìn, ohun yòówù, kí wọ́n ṣáà sọ pé kì í ṣe òun.

Bùọ̀dá ní eré lásán ni, èèyàn á gbàgbé. Ó ní oṣù mẹ́rìnlá ló kù kí òun fẹ̀yìn tì, bí ọ̀rọ̀ bá tú, òbí wo ló máa fi ọmọ rẹ̀ sílẹ̀ lọ́dọ̀ òun? Ó ní tirẹ̀ dára, iṣẹ́ ọwọ́ ara rẹ̀ ló ń ṣe, kò ní ọ̀gá tó lè dá a dúró. Ó sọ gbogbo èyí pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bó ṣe ń bá òbí alárìíwísí sọ̀rọ̀. Ó wá fi ọwọ́ pa irun rẹ̀, ó ní obìnrin yẹn mọ eré ṣe o, òun gan-an sunkún lọ́jọ́ Àìkú.

"Bùọ̀dá," Alágbàfọ̀ ní, "ta lẹ ń sunkún fún?"

Bùọ̀dá gbé bírò, ó tún un gbé kalẹ̀. Ó ní Àbíkẹ́yìn ń bọ̀ wá wo apá ìkẹyìn lọ́dọ̀ àwọn lọ́jọ́ Àìkú, kí Alágbàfọ̀ náà wá, kí wọ́n jókòó pọ̀ bí ọmọ ìyá. Ó ní ìṣọ̀kan ló yẹ ká fi hàn. Ìṣọ̀kan! Ẹni tó fi ẹlòmíràn ṣe àtẹ̀gùn ló ń wàásù ìṣọ̀kan. Alágbàfọ̀ jáde láì dágbére, àfi bó ṣe dé ẹnu géètì ló rántí pé òun ò kí akọ̀wé tó wà lẹ́nu ọ̀nà.

Ó lọ lọ́jọ́ Àìkú. Kì í ṣe nítorí ìṣọ̀kan ló ṣe lọ. Ó fẹ́ bi Àbíkẹ́yìn ní ìbéèrè kan lójúkojú. Aago mẹ́rin ọ̀sán ni, oòrùn ń gba ẹ̀gbẹ́ kọ́tìnnì wọ pálọ̀. Ìyàwó Bùọ̀dá gba kóòtù tí Àbíkẹ́yìn wọ̀ wá, ó fi kọ́ ẹ̀yìn ilẹ̀kùn, ó gbé tíì àti bísíkíìtì kalẹ̀, obìnrin jẹ́jẹ́ ni, kò mọ nǹkan kan nípa lẹ́tà rí ju ohun tó wà nínú ìwé lọ. Àbíkẹ́yìn jókòó sórí àga kékeré lẹ́gbẹ̀ẹ́ tẹlifíṣọ̀n, ó fẹsẹ̀ mọ́ra bí ẹni tó ń dúró de èsì ìdánwò. Wọ́n wò ó tán. Lópin eré, àbúrò tó ti dàgbà wọlé bá Ẹ̀gbọ́n, Ẹ̀gbọ́n ń sunkún tí imú ń dà, àbúrò sì sọ fún un pé òun ti dárí jì í. Ìyàwó Bùọ̀dá nu ojú. Bùọ̀dá húkọ́, ó pa tẹlifíṣọ̀n.

Alágbàfọ̀ béèrè ìbéèrè rẹ̀. Ó ní ta ló sọ fún àwọn eléré pé obìnrin ni Ẹ̀gbọ́n?

"Èmi ni," Àbíkẹ́yìn ní. Ó fa àga rẹ̀ sún mọ́ ọn, ó di ọwọ́ rẹ̀ mú, ọwọ́ tí ọṣẹ ti jẹ láwọ̀. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jẹ́ ká yé dọ́gbọ́n sí i. Ọmọdé ni mí nígbà yẹn, mi ò gọ̀. Màámi sọ fún mi kí wọ́n tó kú. Wọ́n ní, 'Lẹ́tà dókítà wà lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n ẹ.' Mo dúró títí kí ẹ mú un jáde, ẹ ò mú un jáde. Mo bínú sí yín fún ọ̀pọ̀ ọdún, mi ò ní purọ́. Ṣùgbọ́n mo ti dárí jì yín. Torí ẹ̀ ni mo ṣe kọ ìwé náà."

Alágbàfọ̀ kọ́kọ́ rò pé òun ò gbọ́ dáadáa. Ó wá yé e, ó sì yé e pátápátá lẹ́ẹ̀kan náà. Ìyá wọn kì í pe orúkọ ẹnikẹ́ni fún ọmọ kékeré yẹn. Ẹ̀gbọ́n ẹ ni Bùọ̀dá, ẹ̀gbọ́n ẹ ni òun náà. Lẹ́nu ọmọ fúnra rẹ̀, ọ̀tọ̀ ni: Bùọ̀dá ló ń pe ọkùnrin, Ẹ̀gbọ́n mi ló ń pe obìnrin. Ìgbà tí ìyá tó ń kú lọ wá ní ẹ̀gbọ́n ẹ, ọmọ ò wo ibòmíràn. Láti ọjọ́ náà ló ti ń kí i láì wojú rẹ̀ tán, tó ń kí i pẹ̀lẹ́ bí ẹni kí àlejò. Òun sì rò pé ìwé kíkà ló sọ ọ́ bẹ́ẹ̀.

"Ta lo sọ fún?" ó béèrè.

"Bùọ̀dá nìkan, kí n tó kọ ọ̀rọ̀ kan sílẹ̀. Àwọn ló ní kí n má fi obìnrin sí i, kí n kàn máa kọ 'ó', kí ojú má bàa tì yín. Wọ́n ní kí n dárí jì yín, ọmọ ìyá ò ṣeé jù nù. Mo ṣe bí wọ́n ṣe wí. Àwọn eléré ló wá ní dandan ni kí n sọ ọ́, mo rò pé ẹni tí a ti dárí jì ò yẹ kó máa fara pa mọ́."

Gbogbo ìbínú tí Alágbàfọ̀ ti ní láti ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, eré ọmọdé ni lẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí. Ó gbóná láti àtẹ́lẹsẹ̀ dé àtàrí. Ọ̀dájú èèyàn ni Bùọ̀dá! Ó gbọ́ tí ọmọ ń fi ẹ̀ṣẹ̀ òun kan ẹlòmíràn, ó dákẹ́, ó sì tún fi ọgbọ́n àgbà kọ́ ọmọ náà bó ṣe máa dárí ji ẹni tí kò ṣẹ̀. Àwo bísíkíìtì wà nítòsí, ó wu Alágbàfọ̀ kó gbé e lu ògiri. Kò gbé e.

"Bùọ̀dá," ó ní, "ẹ sọ ọ́. Bí ẹ ò bá sọ ọ́, màá sọ ọ́, mi ò sì ní fi omi là á."

Ìyàwó Bùọ̀dá ń béèrè pé kí ni wọ́n ń sọ gan-an. Bùọ̀dá ń wo inú ife tíì rẹ̀ bí ẹni pé èsì wà nísàlẹ̀ ẹ̀.

"Ọjọ́ Ajé ni mo fẹ́ mú un jáde," ó ní. Ohùn rẹ̀ ti tín-ín-rín. "Mo ní ìdánwò ìgbéga lẹ́nu iṣẹ́ lọ́jọ́ Ẹtì. Mo ní kí ìyẹn kọjá ná, ká tó máa sáré ọsibítù. Ọjọ́ Àbámẹ́ta ni Màámi kú."

Àbíkẹ́yìn fi ọwọ́ Alágbàfọ̀ sílẹ̀. Ó wo Bùọ̀dá, ó wo Alágbàfọ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í wí pé, "Ẹ̀gbọ́n mi, mo..." ṣùgbọ́n Alágbàfọ̀ ò jẹ́ kó parí rẹ̀. Ó di èjìká rẹ̀ mú, ó yí i síhà ibi tí Bùọ̀dá jókòó sí.

"Ìdáríjì tí o gbé fún mi lẹ́ẹ̀kan yẹn," ó ní, "èmi kọ́ ni mo ni ín. Gbé e fún ẹni tó ni ín."

Bùọ̀dá gbé orí sókè. Ojú rẹ̀ pọ́n, ó ń retí. Ẹni tó kọ igba ojú ewé ó lé mẹ́rìnlá lórí ìdáríjì la ẹnu, ó tún un pa dé. Ó dìde. Ó wá yíjú sí ìyàwó Bùọ̀dá, ó sì sọ fún un pẹ̀lú ọ̀wọ̀ pé, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ bá mi mú kóòtù mi."